Ohun tí Baba Kò Sọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni èyí nílé olókùú. Bí a bá ti pa á, ara a máa tu àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀, nítorí pé ó ń sọ fún wọn pé ẹni tí ó lọ kò lọ tán. Ṣùgbọ́n bí a bá tún òwe náà yẹ̀ wò, a ó rí i pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí a kò sọ síta: òwe náà gbà pé ojú gbogbo ayé ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti bímọ. Ìdí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ń hù sí. Kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí í bímọ sí oko ẹlòmíràn ní ìkọ̀kọ̀. Ọmọ ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹnì kan, kì í ṣe ẹni méjì, ni ó ti kú tí ó jẹ́ pé ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ iye tí àwọn jẹ́.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni pé: àṣírí tí òkú gbé lọ, ta ni ó ni ín? Ṣé ti òkú náà ni, tí ó fi yẹ kí a sin ín mọ́ ọn? Tàbí ogún ni òun náà, bí ilé àti ilẹ̀, tí àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ pín? Bí ó bá sì jẹ́ ogún, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni lè sọ ọ́ nígbàkúùgbà, fún ìdíkídìí tí ó bá wù ú?

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ibi tí ìbéèrè yìí ti ń gbé inú ilé pẹ̀lú àwọn ènìyàn, kí ó lọ sí Alímòṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún, láti Ìkòtún dé Ìgàndò. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni, ilẹ̀ oko sì ni fún ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí Èkó kún, tí owó ilé ní Múṣín àti Sùúrùlérè di ẹrù ńlá lórí òṣìṣẹ́, ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ra ilẹ̀ níbẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀, ẹlòmíràn púlọ́ọ̀tì kan, ẹlòmíràn ìdajì. Akọ̀wé ra, awakọ̀ ra, olùkọ́ ra, ìyá tí ń ta aṣọ lọ́jà náà ra. Wọn kò kọ́ ilé wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Owó àjọ ọdún kan di ìpìlẹ̀, àjẹẹ́lẹ̀ owó oṣù di búlọ́ọ̀kù, owó ìfẹ̀yìntì di páànù. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó kó wọ inú ilé tí kò tíì ní fèrèsé, tí wọ́n fi àpò sìmẹ́ńtì dí ojú rẹ̀, nítorí pé ilé ẹni ni ilé ẹni ń jẹ́.

Báyìí ni agbègbè náà ṣe di ọ̀kan nínú àwọn tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní ilẹ̀ wa. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ènìyàn 1,277,714 ni ó ń gbé ní Alímòṣọ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní irọ́ ni, wọ́n ní àwọn ka 2,047,026. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Kò sí ẹni tí í bá ẹnìkejì rẹ̀ jà lórí iye orí bí kò bá jẹ́ pé iye orí ni a ó fi pín nǹkan. Bí ìjà ti rí láàárín ìjọba méjì, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí láàárín ọmọ ìyá àti ọbàkan.

Fún irú baba tàbí ìyá bẹ́ẹ̀, ilé náà ni gbogbo ìtàn ayé rẹ̀. Kò ní oko kòkó, kò ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ ńlá. Ilé oníyàrá mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ni ó ní, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín, ayálégbé wà ní mẹ́fà, òun àti àwọn tirẹ̀ wà ní ìyókù. Nígbà tí ó bá kú, yàrá ni òṣùwọ̀n ogún. A ó máa gbọ́ pé, “Yàrá méjì tiwa ni ti iwájú,” “Owó yàrá ẹ̀yìn ni kí ẹ máa kó fún ìyá wa.” Ẹni tí kò bá mọ ilé yóò rò pé àwọn ọmọ ọlọ́mọ wọ̀nyí kò nítìjú, pé yàrá onísìmẹ́ńtì lásán ni wọ́n ń torí rẹ̀ fa ara wọn ya.

Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́tí sí ìjà ogún dáadáa, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ yàrá kì í pẹ́ tán nínú rẹ̀. Láìpẹ́, ẹ̀gbọ́n yóò ní, “Èmi ni mo gbé e lọ sí ọsibítù ní gbogbo òru.” Àbúrò yóò ní, “Ìwọ ni wọ́n rán lọ sí yunifásítì, èmi ni wọ́n ní kí n lọ kọ́ṣẹ́.” Ẹni tí ó wà lókè òkun yóò ní owó òun ni wọ́n fi kan òrùlé. Ẹni tí kò ní nǹkan kan láti sọ yóò bú sẹ́kún. Kí ni wọ́n ń pín gan-an? Àyè tí olúkúlùkù ní lọ́kàn ẹni tí ó kú ni. Nígbà tí ó wà láàyè, kò sí ẹni tí ó lè wọn ìfẹ́ rẹ̀. Nísinsìnyí tí ó ti kú, ó dà bí ẹni pé a ti rí òṣùwọ̀n, pé ẹni tí ó bá gba yàrá iwájú ni ó fẹ́ràn jù. Ìdí rẹ̀ nìyí tí agbádá kan tí kò wọ ẹnikẹ́ni, tàbí àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, fi lè tú ẹbí ká. Ẹ̀rí ni wọ́n ń wá, wọn kò wá àga.

Inú ìfẹ́ tí a kò lè wọ̀n yìí ni àṣírí ti ń rí ilẹ̀ hù. Nígbà tí a bá sì dárúkọ àṣírí ìdílé, ọmọ tí baba bí síta ni ọkàn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sáré lọ. Àṣírí kan wà tí ó wọ́pọ̀ jù ú lọ, tí a kì í sì í kà sí àṣírí rárá. Òun ni ìlérí tí òbí ṣe fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìkọ̀kọ̀. Ọmọ àkọ́bí jókòó ti baba rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, baba ní, “Ìwọ ni mo kọ́ ilé yìí fún.” Ní ọjọ́ mìíràn, nígbà tí ọmọ kẹta fi owó oògùn ránṣẹ́, baba ní, “Mi ò ní gbàgbé rẹ, ilé yìí, tìrẹ ni.” Kò purọ́ fún ẹnì kankan nínú wọn. Ìmoore ni ó ń sọ, nítorí pé kò ní ohun mìíràn tí ó lè fi dúpẹ́ ju ilé kan ṣoṣo náà lọ. Ṣùgbọ́n bí ó ti dákẹ́, ìlérí mẹ́rin di ìjà mẹ́rin, olúkúlùkù àwọn ọmọ sì gbà pé òtítọ́ wà lọ́wọ́ òun, pé olè ni àwọn yòókù. Òtítọ́ sì wà lọ́wọ́ wọn lóòótọ́. Ohun tí ó mú kí ìjà ogún le ju ìjà mìíràn lọ nìyẹn: ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ó lè la gbogbo wọn níjà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ìtàn tí a ń sọ nípa orísun wa gẹ́gẹ́ bí Yorùbá, ìtàn ogún àti ti àṣírí ni. Nínú ìwé tí Samuel Johnson kọ nípa ìtàn àwọn Yorùbá, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, a kà nípa bí wọ́n ṣe pín ohun ìní Ọ̀kànbí. Ọba Ìbíní gba owó ẹyọ, Ọ̀ràngún Ìlá gba àwọn aya, Ọba Sábẹ̀ gba ẹran ọ̀sìn, Olúpópó gba ìlẹ̀kẹ̀, Olówu gba aṣọ, Alákétu gba adé. Nígbà tí ó máa kan Ọ̀rànyàn tí ó jẹ́ àbíkẹ́yìn, kò ku nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe ilẹ̀. Johnson fi kún un pé àwọn kan sọ pé ogun ni ó lọ, pé kò sí nílé nígbà tí wọ́n ń pín in. Ọ̀rànyàn gba ilẹ̀ náà láìjà, ó sì sọ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ayálégbé lórí rẹ̀, wọ́n ń fi owó, ẹran, ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ san ìṣákọ́lẹ̀ fún un. Ẹ̀rín ni a máa ń fi parí ìtàn yìí. Bí a bá wo ìdí rẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìpín tí a ṣe lẹ́yìn ọmọ kan kò tíì jẹ́ ìpín.

Ọ̀rànyàn yìí kan náà, tí a tún ń pè ní Ọ̀rànmíyàn, ni ìtàn mìíràn ní Ifẹ̀ sọ pé ó ní baba méjì. Ògún lọ sójú ogun, ó mú obìnrin kan tí ń jẹ́ Lákàǹgé bọ̀. Ó yẹ kí ó fi gbogbo ìkógun han Odùduwà baba rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ti obìnrin yìí pamọ́, ó sì bá a lò pọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí baba, ó gba obìnrin náà, ó fi í ṣe aya, Ògún kò sì lè la ẹnu sọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Lákàǹgé bímọ, apá kan ara ọmọ náà dúdú bí Ògún, apá kejì pupa bí Odùduwà. Ohun tí àgbàlagbà méjì gbé mì ni ó hàn sí ara ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àwọn tí ó ṣẹ̀dá ìtàn yìí mọ ènìyàn dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé àṣírí òbí kì í ràn mọ́ òbí. Ara ọmọ ni í máa ń jáde sí. Wọ́n sì tún fi ohun kan hàn wá tí a kì í sábà kíyè sí: wọn kò sọ pé wọ́n lé ọmọ aláwọ̀ méjì náà jáde. Àwọn baba méjèèjì gbà á. Òun ni ó wá jẹ ọba.

Òfin náà ti bá ọ̀rọ̀ yìí jìjàkadì. Ọ̀nà méjì ni àwọn Yorùbá mọ̀ láti pín ogún ẹni tí ó ní ju aya kan lọ. Èkíní ni ìdí-igi, èyí tí ó jẹ́ pé iye ìyá tí ó bímọ ni a ó fi pín in. Èkejì ni orí-òjorí, èyí tí ó jẹ́ pé iye ọmọ ni a ó wò. Nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Danmọlé tí ó wáyé ní Èkó, ọmọ mẹ́sàn-án ni olóògbé fi sílẹ̀ láti ara ìyá mẹ́rin. Adájọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́ orí-òjorí, ó rí ìdí-igi bí ohun tí kò bá ẹ̀tọ́ mu. Ní ọdún 1958, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti àpapọ̀ yí ìdájọ́ náà padà: wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà tí ó fìdí múlẹ̀, pé orí-òjorí jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè yàn bí ìjà bá fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń pè ní Privy Council, fi ọwọ́ sí èyí ní ọdún 1962.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré wo ohun tí àṣírí lè ṣe sí ọ̀nà méjèèjì. Bí wọ́n bá fi orí-òjorí pín ogún ọmọ mẹ́sàn-án, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ kan tí a kò mọ̀ bá dé, ó di ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ó dùn wọ́n, ṣùgbọ́n kò pa ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ ìdí-igi, ìdámẹ́rin ni ti ìyá kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó dé láti ara ìyá karùn-ún yóò sọ ọ́ di ìdámárùn-ún, yóò sì gba odidi ìdá kan fún ara rẹ̀ nìkan, nígbà tí ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń jọ jẹ irú ìdá bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu, nígbà náà, pé ojú tí wọ́n fi ń wo àlejò ọjọ́ kẹjọ a máa le. Kì í ṣe ìwà burúkú nìkan ni ó fà á. Wọ́n ti ka yàrá tán kí ó tó wọlé.

Nípa ọmọ tí a bí síta, òfin kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè kan: ǹjẹ́ baba gbà nígbà ayé rẹ̀ pé òun ni ó bí i? Nínú ẹjọ́ Àlàkẹ́ àti Pratt, ní ọdún 1955, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbà pé àwọn ọmọ tí kì í ṣe ti aya tí baba fẹ́ lábẹ́ òfin ìjọba lè bá àwọn ọmọ aya náà pín ogún, níwọ̀n ìgbà tí baba ti gbà wọ́n ní ọmọ. Lẹ́yìn náà, òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1979 àti ti ọdún 1999 sọ ọ́ kedere pé a kò gbọdọ̀ fi ọ̀nà tí a gbà bí ọmọ orílẹ̀-èdè yìí fi ohunkóhun dù ú. Síbẹ̀, ẹni tí yóò bá jàǹfààní òfin náà ní láti kọ́kọ́ fi hàn pé ọmọ òun ni òun. Ẹ wo ẹjọ́ Ukeje. Ìlú Èkó ni ọkùnrin náà kú sí ní ọdún 1981. Ọmọbìnrin kan jáde, ó ní ọmọ rẹ̀ ni òun. Aya àti ọmọkùnrin olóògbé ní àwọn kò gbà. Ọdún 2014 ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ tó parí ọ̀rọ̀ náà, tí ó dá ọmọbìnrin náà láre, tí ó sì fi kún un pé àṣà Ìgbò tí kì í jẹ́ kí obìnrin jogún tako òfin ilẹ̀ wa. A máa ń rántí ẹjọ́ náà nítorí ẹ̀tọ́ obìnrin, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí ẹ̀tọ́ obìnrin, ìjà lórí ẹni tí í ṣe ọmọ ni ó kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ó gbà kí ìdáhùn tó kúrò nílẹ̀.

Láti inú èyí ni a ti lè rí i pé ìdákẹ́jẹ́ baba kì í ṣe òfo. Ẹni tí ó dákẹ́ rò pé òun kò ṣe nǹkan kan, pé òun kàn fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu baba ni ó ń sọ ọmọ di ọmọ lójú ẹbí àti lójú òfin, a jẹ́ pé àìsọ rẹ̀ ni ó ń gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Ẹnìkan lè takò mí níhìn-ín, kí ó ní, “Ṣé a kì í bo àṣírí nílẹ̀ Yorùbá ni?” Ìbéèrè ńlá ni. Lára àdúrà wa ojoojúmọ́ ni pé kí Ọlọ́run bò wá láṣìírí. Ẹni tí ó ń tú àṣírí ilé rẹ̀ fún ará ìta, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni a kà á sí. Baba tí ó dákẹ́ nípa ọmọ tí ó bí síta lè ní ìdí tí ó lágbára: kò fẹ́ dójú ti aya tí ó bá a jìyà nígbà tí kò sí owó, ó ń bẹ̀rù pé wọn yóò fi ojú burúkú wo ọmọ náà, ó ń dúró de ọjọ́ tí gbogbo wọn yóò dàgbà. Àlàáfíà ni ó ń wá. N kò ní fi í ṣẹ̀sín.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a bi àṣírí kọ̀ọ̀kan léèrè pé orí ta ni ẹrù rẹ wà? Àdúrà tí a ń gbà fún ìbora, ìtìjú tiwa ni a fi ń bẹ Ọlọ́run kí ó bò, kì í ṣe ohun tí a mú lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ kí àwọn ọmọ má baà sọ̀rètí nù, òun ni ó gbé ẹrù náà. Ìyá tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ni ó tà wúrà òun láti fi san owó ilé ìwé, òun ni ó gbé e. Ṣùgbọ́n baba tí ó fi ọmọ pamọ́, ọmọ náà ni ó ń gbé ẹrù rẹ̀: òun ni kò ní oríkì, òun ni kò mọ ibi tí wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí nínú ìwé ìkéde òkú, òun ni yóò dúró sí ẹ̀yìn èrò níbi tí wọ́n ti ń sin baba rẹ̀ bí ẹni tí ó wá wo òde. Àwọn ọmọ inú ilé náà ń gbé nínú rẹ̀ láìmọ̀, nítorí pé ìjà ń bọ̀ tí wọn kò palẹ̀ mọ́ fún. Ìbora tí ó bo ẹnì kan tí ó sì tú ẹlòmíràn sí ìhòòhò kì í ṣe ìbora.

Ǹjẹ́ a ó wá sọ pé kí gbogbo àṣírí máa tú bí? Rárá o. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù, níbẹ̀ ni mo sì rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Irú àṣírí mìíràn wà. Ọmọ kan wà tí gbogbo ilé mọ̀ sí ọmọ baba. Baba ni ó sọ ọ́ lórúkọ, baba ni ó rán an níwèé, baba ni ó fà á lọ́wọ́ lọ sí ibi ìgbéyàwó rẹ̀. Ìyá rẹ̀ nìkan, tàbí òun àti baba, tàbí àǹtí àgbà kan, ni ó mọ̀ pé oyún rẹ̀ ti wà kí ìyá tó wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí sùn fún ogójì ọdún. Baba kú. Nígbà tí ìpín yàrá kò bá ti dọ́gba, àǹtí àgbà la ẹnu rẹ̀. Lónìí, ó tilẹ̀ ti rọrùn sí i, nítorí pé ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà, ọbàkan lè ní kí gbogbo wọn lọ ṣe àyẹ̀wò DNA kí ẹnikẹ́ni tó gba kọ́kọ́rọ́. Wọn yóò ní òtítọ́ ni àwọn ń wá, pé òtítọ́ kì í ṣini lọ́nà.

Èrò tèmi ni pé òtítọ́ méjì yìí kò rí bákan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òtítọ́ ni wọ́n méjèèjì. Òtítọ́ tí ó ń mú ọmọ wọlé, gbèsè ni. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ san án, nítorí pé ẹnìkan wà níta tí ó ní ẹ̀tọ́ sí i. Òtítọ́ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó lé ọmọ jáde kúrò níbi tí baba fi í sí, kò sí ẹni tí ó jẹ gbèsè rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ní àṣẹ láti náwó rẹ̀. Baba kò fi ẹ̀jẹ̀ nìkan sọ ènìyàn di ọmọ. Fífi ẹnu pè é, gbígbé e jó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, jíjí lóru nígbà tí ara rẹ̀ gbóná, ìwọ̀nyí ni ó fi ṣe é. Iṣẹ́ tí ó fi ogójì ọdún ṣe nìyẹn. Bí òkú kò bá tú u nígbà tí ó lè sọ̀rọ̀, alààyè kò ní ẹ̀tọ́ láti tú u lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n lè ní, “Bí a bá tan baba náà jẹ ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé kò mọ̀?” Ìbéèrè yìí wúwo, n kò sì ní díbọ́n pé ìdáhùn rẹ̀ kò ta ẹnikẹ́ni. Ẹni tí a ṣẹ̀ ni baba. Ó ti kú, ìdáríjì tàbí ìbínú ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ ni ìyá. Ọmọ kò sí níbẹ̀. Bí a bá wá ní kí ọmọ fi yàrá rẹ̀ san gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí i, ìwà tí a kórìíra nínú baba tí ó fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ náà ni à ń hù, ọ̀nà mìíràn ni a kàn gbà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà fúnra rẹ̀ bá béèrè, bí ó bá fẹ́ mọ orírun rẹ̀ tàbí àìsàn tí ó wà nínú ìran rẹ̀, òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà wà fún, inú yàrá ni kí a ti sọ ọ́ fún un, kì í ṣe níbi tí wọ́n ti ń ka kọ́kọ́rọ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Ìwé ìhágún dára, bí àwọn ènìyàn wa tilẹ̀ ń bẹ̀rù rẹ̀ bí ẹni pé ó ń pe ikú. Ṣùgbọ́n ìwé lè pín yàrá láìpín òye. Ohun tí ó tún ṣe pàtàkì ni pé kí òbí sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún gbogbo ọmọ ní ìjókòó kan náà, lójú ẹlẹ́rìí, nígbà tí wọ́n ṣì lè bi í ní ìbéèrè, kí wọ́n bínú sí i, kí ó sì bẹ̀ wọ́n. Òkú kò lè bẹ ènìyàn. Èyí ni aya tí ó gbọ́ nípa ọmọ ìta ọkọ rẹ̀ níbi fídáù pàdánù, tí ẹni tí ó gbọ́ ọ lójú ayé rẹ̀ ní. Ìtìjú tí baba ń sá fún kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Òun nìkan ni ó bọ́ nínú rẹ̀. Àwọn ìyókù dúró síbẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́.

Ní ti àwọn ọmọ tí ikú ti bá lójijì, tí kò sí ẹni tí wọn yóò bi léèrè mọ́, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo ní: kí wọ́n ka orúkọ kí wọ́n tó ka yàrá. Kí olórí ẹbí béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà, lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ olóògbé, lọ́wọ́ àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀, bóyá ẹnìkan wà tí kò sí nílé, bí Ọ̀rànyàn kò ti sí nílé. Nígbà tí a kò tíì pín nǹkan kan, ọbàkan tuntun lè jẹ́ àbúrò. Bí a bá pín in tán kí ó tó dé, olè ni wọn yóò pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú baba ni ó wà lójú rẹ̀.

Àwọn àgbà sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìtumọ̀ tí a sábà ń fún un ni ọmọ tí a kò fi ẹ̀kọ́ tọ́. Mo rò pé a lè gbé e síwájú díẹ̀. Ohun tí a kò sọ fún ọmọ wà lára ohun tí a kò kọ́ ọ. Láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndò, ilé wà tí baba kan fi ogún ọdún kọ́, tí ó mọ iye búlọ́ọ̀kù tí ó wọ̀ ọ́, tí ó mọ gbèsè owó ilé tí ayálégbé kọ̀ọ̀kan jẹ ẹ́, tí kò fi ọjọ́ kan jókòó ka orúkọ gbogbo ọmọ rẹ̀ síta. Ìkéde “Ilé yìí kì í ṣe títà” ni àwọn ọmọ wá fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri rẹ̀. Ẹni tí ń kọjá lọ lè rò pé nítorí àwọn gbájúẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ baba kan náà ni wọ́n kọ ọ́ sí ara wọn.